Àwọn tó ń dúró nígbà tí àlejò bá jókòó: báwo ni kí n ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Alápèjẹ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ tó pé. Oṣù méjì sí i, ẹbí wa yóò ṣe àpèjẹ kan tí a ń retí àlejò bíi 200 sí. Nígbà tí mo jókòó tí mo ka àwọn tí a máa gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n lé ní 30: àwọn tó máa se oúnjẹ, àwọn tó máa gbé e fún àlejò, àwọn tó máa fi àlejò jókòó, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ayàwòrán, ẹni tó máa wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn tó máa mójú tó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti àwọn tó máa palẹ̀ mọ́ nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ sùn. Gbogbo wọn ni wọ́n máa fi odidi ọjọ́ kan ṣe tiwa, bẹ́ẹ̀ n kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Ohun tí mo fojú rí níbi òde tí mo lọ kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n lè gbé ọ̀rọ̀ yìí tì. Mo ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sì ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ọ̀dọ́bìnrin tó ti ń gbé oúnjẹ wá sídìí tábìlì wa láti ọ̀sán ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó jókòó lórí àpótí ìgò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó gbé àwo lé itan, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Bó ṣe rí mi báyìí, ó fò dìde, ó gbé àwo náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, ó ní, "Ẹ má bínú mà, kí ni kí n bá yín mú wá?" Ẹ-má-bínú yẹn ló dùn mí. Kí ló ṣe tí mo fi máa bínú? Oúnjẹ ló ń jẹ.

Nítorí náà, mo fẹ́ mọ èyí tó tọ́. Ṣé kí n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lówó ni, àbí kí n kó o fún ọ̀gá wọn? Ṣé ó dára kí a pè wọ́n síwájú kí gbogbo àlejò pàtẹ́wọ́ fún wọn? Ṣé oúnjẹ tí àlejò ń jẹ ni kí àwọn náà jẹ? Ọkọ mi ní a ti sanwó fún ilé iṣẹ́ tó ń kó wọn bọ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí síbẹ̀. N kò rò pé ó ti parí síbẹ̀, àmọ́ n kò tíì mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn.

Agbátìréè:

Ẹ kú ìmúra mà. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé oúnjẹ kiri níbi àpèjẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé irú mi ni ẹ bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, nítorí èmi náà ti jókòó sórí àpótí ìgò lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ wa ṣe ń lọ, torí pé ohun tí àlejò ń rí níbẹ̀ kò tó ìdajì. Bí àlejò bá máa dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni a ti máa ń wà níbẹ̀. A ó to àga, a ó tẹ́ aṣọ tábìlì, a ó ká a kúrò, a ó sì tún un tẹ́ nítorí pé ọ̀gá ní kò gún. A ó nu ife lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ojú ìka ẹnikẹ́ni kò fi ní hàn lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àlejò àkọ́kọ́ bá fi máa jókòó, a ti lo wákàtí mẹ́fà lórí ìdúró, òun á sì rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, nítorí pé wọ́n ti ní kí a fọ ojú, kí a sì tún aṣọ wa wọ̀ dáadáa.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé kí ni ìmoore, àga ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, n kò tíì ní dárúkọ owó. Ẹ wá igun kan tí ó ní ilẹ̀kùn, kí ẹ to àga mẹ́fà tàbí mẹ́jọ síbẹ̀, kí omi wà níbẹ̀, kí ibi tí a lè kó báàgì wa sí láìsí ìfòyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ẹbí yín pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Mo sọ èyí nítorí pé ó máa ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á fún wa ní yàrá láàárọ̀, nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán, ẹ̀bùn tí àlejò gbé wá á ti kún inú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, àwa á sì padà sórí àpótí ìgò.

Ní ti oúnjẹ, kò pọn dandan lójú mi kí ó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú wa máa ń dùn bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó pọn dandan ni kí ó gbóná, kí ó sì ní àkókò. Ẹni tó bá ní kí a jẹun nígbà tí àlejò bá jẹun tán kò mọ̀ pé àlejò kì í jẹun tán. Ẹ jẹ́ kí àwọn kan jẹun kí àlejò tó dé, kí àwọn yòókù jẹun lákòókò tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìkíni níwájú, torí pé ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tó fẹ́ kí a máa gba iwájú òun kọjá.

Ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ wá kù. Mo bẹ̀ yín mà, ẹ má pè wá síwájú láìjẹ́ pé ẹ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Onínúure kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa rí, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ jó bọ̀ wá síwájú. Tìréè tí ife 14 wà lórí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, mẹ́ta nínú wọn ni ọtí ṣì wà nínú wọn, n kò sì rí ibi tí mo lè gbé e sí. Mo jó pẹ̀lú tìréè yẹn. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n yàwòrán, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n fi yìn wá, ife ni mo ń wò.

Ohun tí mo rántí títí di òní kò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbi òde kan, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá ló máa ń fa àga rẹ̀ síwájú díẹ̀, láìwẹ̀yìn, láìdá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró. Ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ó ń lọ, ó ka orúkọ mi lára káàdì tó wà láyà mi, ó pè é bó ṣe yẹ, ó ní, "O ṣeun, o kò jẹ́ kí omi tán níwájú mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn àlejò tó fẹ́ràn láti ràn wá lọ́wọ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má to àwo léra wọn fún wa. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tí ẹ bá fi sáàárín àwo méjì kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa, bí a bá sì gbé e, gbogbo rẹ̀ ló máa ń mì. Ẹ kàn sún àwo yín wá sétí tábìlì lọ́dọ̀ wa, kí ẹ sì yẹ apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má sì ta ìka sí wa. Bí ẹ bá gbé ojú sókè, a máa rí yín.

Ìṣirò_Lọ̀rẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. N kò fẹ́ kí ẹ rí mi bí ahun, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ọkọ Alápèjẹ sọ kò burú tó bí ẹ ṣe fẹ́ mú un. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbà ti ka owó ọ̀yà àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ́ iye tí wọ́n bù fún wọn. Bí ẹni tó ni òde bá tún ń pín owó, ọ̀gá náà á mọ̀ pé àwọn oníbàárà ti ń bá òun san lára ọ̀yà, kò sì ní rí ìdí kankan tí yóò fi fi kún un. Àánú wa á wá di ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ.

Mo fara mọ́ àga, mo fara mọ́ oúnjẹ gbígbóná. Àmọ́ kí a tó máa wá àpòòwé, ohun tí ó yẹ kí a bi àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ni pé èló ni ẹ ń san fún wọn, ìgbà wo ni ẹ sì ń san án? Mo béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé mo bi í ní ọjọ́ orí ìyá rẹ̀.

Alákòóso_Òde:

Ẹ kú làákàyè, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò_Lọ̀rẹ́. Ó ti tó ọdún 15 tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò òde, ìbéèrè tí ẹ bi ọkùnrin yẹn sì ni ó yẹ kí gbogbo oníbàárà máa bi. Ìdí tí ó fi wò yín bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í bi í.

Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù pé ẹ̀bùn owó lè di ọ̀yà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ (ILO) ṣe àdéhùn kan ní ọdún 1991, Àdéhùn 172, tó dá lé ipò iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ. Wọ́n ní owó ìmoore jẹ́ owó tí oníbàárà fínnúfíndọ̀ fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn iye tó yẹ kó san fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì fi kún un pé yálà òṣìṣẹ́ rí owó ìmoore o tàbí kò rí i, ó gbọ́dọ̀ máa gba owó ọ̀yà tirẹ̀ lákòókò tó yẹ. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nítorí náà, mi ò rí ohun tó ní kí Alápèjẹ mú ọ̀kan kí ó sì fi èkejì sílẹ̀: kí ó béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀yà kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì fún wọn ní ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ọwọ́ ta ni kí ó kó o lé? Ibí yìí ni mo ti gbọ́n. Níbi òde kan tí mo bójú tó, ìyá tó ni òde náà kó àpòòwé kan tó wúwo lé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá fún àwọn agbóúnjẹ lọ́wọ́ níṣojú mi, ó ní kí ó pín in fún àwọn ọmọ, ó sì gbàdúrà fún un pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà níbi iṣẹ́ mìíràn, mo bi í bóyá wọ́n gbádùn ẹ̀bùn tí ìyá yẹn fún wọn. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá wo?" Ojú tì mí ju bí ó ṣe yẹ kí ó ti ẹni tó jẹ owó náà lọ, nítorí pé èmi ni mo gba ìyá náà nímọ̀ràn pé kí ó fún ọ̀gá.

Láti ìgbà yẹn, mo máa ń gba orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, màá sì kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sára àpòòwé tirẹ̀. Ẹni tó ni òde, tàbí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀, ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òde tó fọ́n ká. Bí owó kò bá pọ̀, kí ó kéré, ṣùgbọ́n kí ó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn. Àlejò kò rí i, ẹni tó ni òde kò rí i, kì í sí nínú àwòrán kankan, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wú nínú omi ọṣẹ láti àárọ̀. Bí ẹ bá ka 30, ẹ lọ sẹ́yìn kí ẹ tún kà.

Ohun mìíràn tó ń dun òṣìṣẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ ni àkókò ìparí. Ìwé àdéhùn á ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́sàn-án á lù, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọn kò tíì ríra tipẹ́ á ṣì jókòó, ẹni tó ni òde á sì rẹ́rìn-ín sí mi pé kí n bá òun bẹ àwọn ọmọ yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn máa ń di wákàtí kan àbọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn kan délé ti lọ, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ kan wà nílé tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ń pe fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ rírì wọn, kí ó jẹ́ kí wọ́n lọ lásìkò. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí iye tí wọ́n máa gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé wà nínú ìwé kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì sanwó ọkọ̀ tó máa gbé wọn délé.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò rọrùn láti sọ. Ní gbogbo òde tí ọtí bá ti pọ̀, àlejò kan máa ń wà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kì í lè sọ̀rọ̀, torí pé wọ́n ti kọ́ wọn pé àlejò kì í jẹ̀bi. ILO tún ṣe àdéhùn mìíràn ní ọdún 2019, Àdéhùn 190, lórí ìwà ipá àti ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sáàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ nìkan: wọ́n ro ti oníbàárà mọ́ ọn. Alápèjẹ, ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí yín, àgbà tí ojú kì í tì, kí ẹ fi han àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀ pé òun ni kí wọ́n wá bá bí àlejò kankan bá ṣe ohun tí kò dára. Òun ni yóò lọ bá àlejò náà sọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí ìyá ìyàwó kan ṣe é. Ó lọ jókòó ti ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ lé e léjìká, ó sì bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. N kò mọ ohun tí ó sọ, àmọ́ ọkùnrin náà kó ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Etí_Ẹ̀rọ:

Ẹ kú àpérò o. Èmi ni mo máa ń wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tèmi kò sì ní gùn.

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó ń gbọ́ orin látàárọ̀ dalẹ́ ń gbádùn ni, nítorí náà kò sí ẹni tí í rántí gbé omi fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, gbà wá nímọ̀ràn pé kí etí má gba ariwo tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́, àti pé gbogbo ìgbà tí ariwo bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lé sí i, kí a dín àkókò náà kù sí ìdajì. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Àlejò lè jáde lọ gba atẹ́gùn. Èmi, agbóúnjẹ tó ń gba iwájú ẹ̀rọ kọjá, àti ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí ibi tí à ń lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí bá wá sọ fún mi pé kí n fi kún un, kí ó rántí pé èèyàn mìíràn tún wà nínú gbọ̀ngàn náà yàtọ̀ sí àwọn tó ń jó. Kí ẹ bá wa ra ohun tí a máa fi dí etí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi náà kò sì burú.

Arójú_Ìwé:

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan tí Alápèjẹ sọ ló mú mi kọ̀wé, ìyẹn ẹ̀rín tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn rín pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1983, nígbà tí ó ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ń tọ́jú èrò inú ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní iṣẹ́ ni ẹ̀rín náà fúnra rẹ̀, pé wọ́n ń sanwó fún òṣìṣẹ́ láti tún ọkàn ara rẹ̀ tò kí ara lè tu oníbàárà, ó sì máa ń rẹ èèyàn bí ẹrù gbígbé ṣe ń rẹ èèyàn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń dúpẹ́ pé wọ́n gbé àwo, ẹ jẹ́ kí a rántí pé wọ́n gbé ìyẹn náà.

Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ wa ni kì í dúpẹ́ nítorí pé ojú ń tì wá, tàbí nítorí pé a rò pé kò ní já mọ́ nǹkan lójú wọn. Ní ọdún 2018, Amit Kumar àti Nicholas Epley tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹni tó ti ṣe wọ́n lóore, tí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe rò pé yóò rí lára ẹni náà. Ìrò wọn kò tọ̀nà: wọ́n rò pé ara ẹni náà kò ní balẹ̀ tó bó ṣe balẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé inú rẹ̀ máa dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ara mi wé e. Ẹ̀ṣọ́ kan wà níbi òde tí a ṣe, tó fi agbòjò rẹ̀ sin ìyá àgbà wa láti inú ọkọ̀ dé orí àga, tó sì padà síta láìní agbòjò mìíràn. Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo dárúkọ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti aago, mo sì sọ ohun tí ó ṣe gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi í ránṣẹ́, mo rò pé wọ́n á ní mo ti ń ṣe àṣejù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rí ọkùnrin náà níbòmíràn. Ó ti tẹ lẹ́tà mi sórí bébà, ó ká a sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, etí bébà náà sì ti ń ya.

Agbátìréè:

Ẹ ṣeun gan-an fún ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn, ẹ̀gbọ́n. N kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, bí mo bá délé, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣàwàdà, ọkọ mi sì máa ń rò pé mo ń bínú sí òun.

Lẹ́tà dára púpọ̀, ọ̀gá máa ń kà á. Àmọ́ kí ó jẹ́ nípa iṣẹ́ wa. Ẹnì kan kọ nípa mi rí pé mo "rẹwà, mo sì ń rẹ́rìn-ín dáadáa." Láti ọjọ́ náà, ìdí tábìlì àwọn ọkùnrin tó ń mutí ni ọ̀gá máa ń rán mi sí.

Alápèjẹ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó dákẹ́ nígbà tí mo ka ti àpòòwé, ó wá ní kí n béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀yà yẹn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, òun náà yóò sì tẹ̀ lé mi lọ. Mo gbà pé ìyẹn tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

A ti yan yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ àbúrò mi obìnrin ni kọ́kọ́rọ́ náà máa wà, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ẹ̀bùn síbẹ̀. A ó sọ àkókò oúnjẹ wọn fún alágbàsè kí a tó sọ ti àlejò. Mo ti ní kí wọ́n fún mi ní orúkọ wọn, títí kan àwọn tó ń fọ abọ́, wọ́n sì ti fi 34 ránṣẹ́, èyí tó jẹ́ pé iye tí mo kà tẹ́lẹ̀ kò pé lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni a fẹ́ fi ṣe àgbà tí ojú kì í tì. A kò tíì sọ fún un, àmọ́ ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan yàn án. A kò ní pe ẹnikẹ́ni síwájú. Ọkọ mi yóò kàn sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ráńpẹ́ nígbà tí ọwọ́ wọn bá ṣófo, yóò sì lọ bá wọn nínú yàrá wọn lẹ́yìn náà.

Ohun kan ló kù tí kò tíì yé mi. Àwọn tó máa palẹ̀ mọ́ kò ní dé títí di ààjìn òru, a ó sì ti lọ. Báwo ni èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní rí?

Agbátìréè:

Mo ti ṣe ìyẹn náà mà, ọdún àkọ́kọ́ mi ni. Ẹ fi oúnjẹ tí ẹ bò dáadáa sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ kọ orúkọ wọn sára rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àjẹkù. Ẹ ní kí ẹni tó máa ti ilé náà má pa iná, torí pé wọ́n sábà máa ń fi ẹyọ iná kan sílẹ̀ fún wa láti fi gbá gbogbo gbọ̀ngàn. Kí àpòòwé tiwọn wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tó máa sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé pé àwọn rí i gbà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ wá páálí kan, kí ẹ kọ "ìgò fífọ́" sára rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i láti ọ̀sán. Àwọn àlejò máa ń ju ife tó bá fọ́ sínú àpò ìdọ̀tí lásán, tí wọ́n á sì fi bébà bò ó kí ẹni tó ni òde má baà rí i. Ọ̀kan wà nínú àpò tí mo gbé lóru ọjọ́ kan, mo sì gbá a mọ́ra kí ó má baà ya. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní apá òsì mi.